Ọwọ́ Màámi Lára Kílò Ìjọba

Ẹ̀yin ará Ẹ̀rúnmú, ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dá, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé, "Òyìnbó ńkọ́?", ìdáhùn mi rèé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìnyín àti ti bàálù ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́ gbọ́. Yìnyín tutù, bàálù ga, ó tán. Ohun tó dun èmi ní ìrìn-àjò náà ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù kó lọ bi ẹlòmíràn tó ti lọ rí.

Ẹrù tí a kì í fọwọ́ kàn

Síkírátù ni orúkọ mi, iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò sì yé ẹnikẹ́ni nílé wa. Muínátù àbúrò mi máa ń sọ fún àlejò pé mo ń bá ìjọba wọn nǹkan. Kò purọ́ jù. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí mo wà ló ń ṣọ́ òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè wa. Sikéèlì tí wọ́n fi ń wọn kòkó, èyí tí wọ́n ń gbé ọmọ tuntun lé ní ọsibítù, ẹ̀rọ tó ń pọn epo sínú ọkọ̀ ní Adégbayì, gbogbo wọn ló yẹ kó ní ẹni tí wọ́n ń jíhìn fún. Sikéèlì ń jíhìn fún irin ìwọ̀n tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé káàkiri. Irin ìwọ̀n náà ń jíhìn fún kílò kan ṣoṣo tó jókòó sábẹ́ ìgò nínú yàrá wa, níbi tí a kì í jẹ́ kí ooru tàbí òtútù yí padà. Òun ni bàbá gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bàbá yìí náà ní ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ òkèèrè, ó sì di dandan kó máa lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí a lè mọ̀ bóyá ó ti sanra tàbí ó ti rù.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n ní kí n sìn ín lọ.

Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní kà á sí. Irin dídán kan ni, kò tó agolo mílíìkì, nínú àpótí onígi kékeré tí wọ́n fi aṣọ múlọ́múlọ́ tẹ́ nínú. Òfin rẹ̀ kan ló le: ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kàn án. Ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀mú ni a fi ń gbé e, nítorí òógùn ọwọ́ lásán ń fi nǹkan kún ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹni tó bá ń bèèrè ohun tó gbé ọmọ àgbẹ̀ dé ìdí irú iṣẹ́ yìí, bàbá mi ni. Kòkó ni wọ́n ń gbìn nígbà ayé wọn. Bí wọ́n bá ti gbé àpò kòkó sórí sikéèlì ẹni tó ń rà á, ìwọ̀n rẹ̀ á dín. Wọ́n á tún un gbé rù, wọ́n á ní, "Ọrùn mi ò purọ́ fún mi rí." Ṣùgbọ́n ta ní ń gba ẹ̀rí ọrùn? Wọ́n á gba owó tí wọ́n bá fún wọn, a ó máa lọ sílé. Mo máa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì kórìíra sikéèlì yẹn bí ẹni kórìíra ènìyàn.

Àdúà

Kò yẹ kí n yà sí Ẹ̀rúnmú lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í yà síbì kan. Ṣùgbọ́n ojú Màámi ti ń lọ. Dókítà olójú ní Ìbàdàn ti sọ fún wa pé àrùn tó wà níbẹ̀ máa ń pa ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà wá. Ihò kékeré kan ló kù ní àárín tí wọ́n fi ń rí wa. Dókítà ò lè sọ iye oṣù tó kù.

Àdín ni Màámi ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ṣì ń ṣe é. Wọ́n ní èkùrọ́ ò nílò ojú, imú ni èèyàn fi ń mọ̀ pé ó ti jinná. Ọwọ́ wọn dán láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sí ọṣẹ tó lè bá òórùn àdín yẹn jà.

"Síkírá, wá dúró síwájú mi," ni wọ́n wí. "Má lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò ní rí ẹ." Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. "O ti rù."

"Mi ò rù, Màámi."

"Ojú mi ò tíì kú tán. O ti rù. Ìgbà wo lo máa dé?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, Màámi."

"Tètè máa bọ̀. Mo fẹ́ tún rí ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀kùn yìí tó tì." Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi níbi tí mo gbé ẹrù lé. "Kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

"Òṣùwọ̀n ìjọba ni. Ẹ má ṣí i o."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Mo lọ ṣe àlùwàlá, mo kí ìrun Àìlà nínú yàrá. Nígbà tí mo jáde, Màámi ń pa ìdérí àpótí náà dé, ẹnu wọn ń mì.

"Mo ti ṣe àdúà sí i," ni wọ́n wí. "Èèyàn kì í ṣe àdúà sí ẹrù tí ò mọ̀. Ẹrù tí ò bá gba àdúà lára, ojú ọ̀nà ló ń sọnù sí."

Mo wo ọwọ́ wọn, ó ń dán. Mo sì mọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó yẹ kí n bi wọ́n pé, "Màámi, ṣé ẹ fọwọ́ kàn án?" Wọn ò ní purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ òótọ́, mo ní láti padà síbi iṣẹ́ nìyẹn, ìrìn-àjò á bàjẹ́, wọ́n á sì bi mí léèrè ohun tí mo wá dé Ẹ̀rúnmú. Mi ò bi wọ́n. Mo ní, "Àmín," mo gbé àpótí mi.

Ìlú tí irin ti ń rí àga jókòó

Ilẹ̀ Jámánì ni mo lọ. Ìlú tí mo dé mọ́, ó sì dákẹ́, àfi bí ilé tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kí gbogbo ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe wọlé. Àwọn kan wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì láìkí ẹnikẹ́ni, ìtìjú sì ń mú mi lójoojúmọ́ bí ẹni tó jáde láìwé gèlè.

Ẹni tó gbà mí lálejò ní iléeṣẹ́ òṣùwọ̀n wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Màtíà ni wọ́n ń pè é. Ọmọdébìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà ń pè é ní Màtíà lásán. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ń pè é ní Bàbá Màtíà. Ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò bímọ. Mo ní ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ tá à ń sọ.

Ó gba àpótí lọ́wọ́ mi kó tó rántí láti kí mi. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ẹ̀mú gbé kílò wa, ó ní ó gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ mélòó kan kí afẹ́fẹ́ yàrá wọn lè mọ́ ọn lára. Wọ́n fún un ní àga tirẹ̀, wọ́n fi ìgò bò ó, láràárọ̀ ni wọ́n ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Èmi tí mo gbé e la òkun kọjá, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n o. Àga wà níbẹ̀, wọ́n rò pé bí mo bá fẹ́ jókòó, mo máa jókòó ni.

Oúnjẹ alẹ́ wọn kì í kan iná. Búrẹ́dì tó le, wàràkàṣì, kùkúḿbà, ó parí. Ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta mo fara dà á. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ń din àlùbọ́sà ní òkè ilé tí mo wọ̀ sí. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo di irin mú, mo ń fa òórùn náà símú títí wọ́n fi pa iná. Àárò ilé sọ mí lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Muínátù á pè mí lórí fóònù, èyí tí a fi ń rí ojú ara ẹni.

"Àǹtí mi, Màámi ní àwọn ò rí yín."

"Gbé fóònù sún mọ́ wọn."

"Ó ti ń kàn wọ́n nímú, Àǹtí mi. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ lásán làwọn ń rí."

Màámi á gba fóònù, wọ́n á gbé e sétí. Wọ́n á ní, "Fi ojú ẹ pamọ́ dè mí. Ohùn náà ti tó fún báyìí."

Ènì

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí ọjà kan tí wọ́n ń ná ní gbangba. Obìnrin kan ń ta èso pupa kékeré kan tí mo ti rí rí nínú àwòrán. Mo ní kó wọn ààbọ̀ kílò fún mi. Ó da èso sórí sikéèlì, ó lé díẹ̀. Ó mú ẹyọ kan kúrò, ó ṣì lé. Ó mú òmíràn kúrò, ó pé géérégé. Ó da ìyókù sínú àpò, ó nà án sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì dá ẹyọ méjèèjì tó mú kúrò padà sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ènì ńkọ́?" Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi.

Ó tọ́ka sí sikéèlì, ó ní ó pé. Òótọ́ ló sì sọ. Bí ẹyọ kan bá dín ni, òun náà ni ì bá fi kún un.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń ṣọ́ òṣùwọ̀n, èmi tí inú mi ì bá máa dùn pé mo dé ìlú tí sikéèlì ti ń sọ òótọ́, mo dúró láàárín ọjà, omi lé ròrò sójú mi nítorí ẹyọ èso méjì. Ọ̀dọ̀ wa ni mo ń rò. Ìdí kóńgò ẹlòmíràn lè tẹ̀ wọnú níbí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní kúrò níwájú rẹ̀ kó má bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Màámi, bí wọ́n bá ti rọ àdín kún ìgò yín tán, wọ́n á tún rọ díẹ̀ sí yín lọ́wọ́ kí ẹ fi pa ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí sikéèlì wa máa sọ òótọ́ bíi tibẹ̀ yẹn. Mo sì fẹ́ ènì mi. Mi ò mọ̀ bóyá ènìyàn lè rí méjèèjì ní ìlú kan náà.

Ìbéèrè kan

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kílò wa, Bàbá Màtíà gbé ìwé kan síwájú mi. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ṣé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn? Mo kọ "Rárá." Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó pè mí. Kílò wa wúwo ju èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀," ni Bàbá Màtíà wí. "Irin a máa gba nǹkan mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ohun tó wọ̀n lónìí ni mo máa kọ, ìyẹn ló máa di ìwọ̀n rẹ̀. Wá gba ìwé rẹ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí o sì máa lọ sílé."

Ṣé ẹ rí bó ṣe rọrùn tó? Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí òun kò mọ̀. Àdín kì í dúró sójú kan. Ohun tó wúwo lónìí lè fúyẹ́ lọ́dún mìíràn. Gbogbo sikéèlì tó ń jíhìn fún kílò yẹn, láti ti ọmọ tuntun dé ti kòkó, yóò máa bá a ṣìnà, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo padà sí ilé tí mo wọ̀ sí, mo ń di ẹrù. Muínátù pè, Màámi gba fóònù.

"Ọjọ́bọ̀ lo máa gbéra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó ti kù bí ihò abẹ́rẹ́ báyìí. Mò ń tọ́jú ẹ̀ dè ẹ́."

Mo jókòó lórí báàgì mi, mo sunkún.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé ẹrù mi dé iléeṣẹ́ wọn. Ìwé náà wà lórí tábìlì, Bàbá Màtíà ti ṣí ìdérí bírò rẹ̀. Mo ní kó dúró díẹ̀. Àpò kòkó bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo ìgbà ni mo fi rò pé olè paraku ni ẹni tó fi sikéèlì yẹn rẹ́ wọn jẹ. Lọ́jọ́ náà ló tó yé mi pé òun náà lè ní ìdí tirẹ̀. Bóyá ìyá tirẹ̀ náà ń dúró dè é níbì kan. Ìyẹn ò sọ kòkó tó dín di kòkó tó pé.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín," ni mo wí. "Ọwọ́ kàn án."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Kò bú mi, kò sì pariwo, ó kan sọ ohun tó kù láti ṣe. Wọ́n máa fọ kílò náà, ó máa tún sinmi, ó sì máa tò sẹ́yìn kílò àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ti wà lórí ìlà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo bi í bóyá mo lè lọ sílé kí n padà wá gbé e. Èmi náà mọ ìdáhùn rẹ̀: ẹni tó bá gbé e wá ló ń gbé e lọ, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í dá wà.

Ohun tí mo rí nínú awò

Kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó wò ó, ó sì yẹra kí èmi náà lè wò ó. Àtàǹpàkò ni mo rí. Ó hàn kedere, gbogbo ìlà rẹ̀ ló pé, àpá kan sì là á kọjá láàárín. Mo mọ àpá yẹn. Òkúta tí wọ́n fi ń pa èkùrọ́ ló gé Màámi níbẹ̀, èmi ni mo bá wọn di aṣọ mọ́ ọn nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ilé-ìwé lọ.

"Ta ló ni ín?" ni Bàbá Màtíà bi mí.

"Màámi ni. Àdúà ni wọ́n ń ṣe sí i. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rí nǹkan."

Ó fa àga kan wá, ó ní kí n jókòó. Ó jáde, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú títí ojú mi fi sún mọ́ irin náà. Bóyá ọkàn mi ló ṣe é o, mi ò lè búra, ṣùgbọ́n mo gbóòórùn àdín. Nínú yàrá yẹn tí kò ní òórùn kankan, mo gbóòórùn ẹ̀yìnkùlé wa.

Nígbà tó wọlé, ó bi mí pé, "Ṣé ká fọ̀ ọ́?"

"Ẹ fọ̀ ọ́," ni mo wí. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí àkókò tó tí wọ́n sì tún un wọ̀n, kílò wa ti padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́. Bàbá Màtíà fọwọ́ sí ìwé. Ó wá ya bébà kékeré kan sọ́tọ̀, ó kọ nọ́ńbà kan sí i, ó fún mi. Ó ní ohun tí ìyá mi fi kún un nìyẹn. Kò tó ìwọ̀n irun ìpéǹpéjú kan. Mo ní ènì ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó ní ó dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un nínú ìwé àwọn.

Ọ̀gá mi nílé ti gbọ́, ó sì ti fi ìwé wí-tẹnu-rẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti dáhùn rẹ̀, mo sì jẹ̀bi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Mi ò sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún Màámi. Mo ní, "Màámi, iṣẹ́ ò tíì tán. Ó ku oṣù kan."

"Ṣé ẹrù ìjọba yẹn ni? Ṣé kò sọnù?"

"Kò sọnù, Màámi."

"Àlhamdulílàhi. Àdúà mi gbà nìyẹn. Ṣe iṣẹ́ ẹ dáadáa."

Láti ọjọ́ yẹn, Muínátù ni mo ń bi ní ohun tí Màámi rí. Lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n rí kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì mọ̀ pé funfun ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní wọ́n mọ ibi tí wíńdò wà. Nígbà tó yá, bí mo bá ti bi í, á ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo jẹ́ kó máa fi oúnjẹ dá mi lóhùn. Mo ń rìn káàkiri ìlú yẹn, mo ń wo ojú àwọn arúgbó obìnrin lórí àga etí odò, mo sì ń wá Màámi níbi tí mo mọ̀ pé wọn ò sí.

Ẹ̀rúnmú

Kílò wa ni mo kọ́kọ́ mú délé rẹ̀. Mo rí i tó jókòó sábẹ́ ìgò, ìwé rẹ̀ pé, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí ìyẹn. Nígbà náà ni mo tó kọjú sí ilé tèmi. Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Adégbayì, mo gun ọ̀kadà, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀.

Ọ̀sán ni. Muínátù ti lọ pọn omi. Màámi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí ọ̀nà tí mo ń gbà bọ̀ gan-an, ojú wọn là sílẹ̀ kedere. Mo dúró níwájú wọn, bí ẹsẹ̀ méjì sí ibi tí wọ́n jókòó sí. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Bàtà tí mo rà nítorí òtútù ló wà lẹ́sẹ̀ mi, wọn ò mọ ìró rẹ̀.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín irú èyí tí wọ́n máa ń rín sí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Màámi wí. "Bó bá ṣe Síkírá lẹ wá kí, kò tíì dé. Ó ti wà lọ́nà."